Àgò Lẹ́bàá Bẹ́ẹ̀dì

Apẹ̀rẹ̀ obì kẹta ni mo ń tú lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ayé tí mo mọ̀ parí. Ọjọ́ Ajé ni, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ní ìsọ̀ Alàájì Módù, ẹni tó máa ń gbà mí sílé nígbàkigbà tí mo bá kó obì dé ìlú kan ní ìpẹ̀kun Borno. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Àwọn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ṣì ń tún ilé wọn kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣòwò obì rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń ṣe. Gbànja tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣà á ní títóbi-títóbi, a ó wá tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tútù tẹ́. Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, a gbọ́dọ̀ tú apẹ̀rẹ̀ náà, ká ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ dànù, ká pààrọ̀ ewé tó gbẹ. Bí ẹyọ kan bá jẹrà tí o kò tú u, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti kó bá ogún. Bàbá mi ló kọ́ mi nílé wa ní Òwu, bàbá tirẹ̀ ló sì kọ́ òun náà. Títú apẹ̀rẹ̀ ni mo ń ṣe.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù. Alàájì Módù gbé orí sókè. Èdè Haúsá la jọ máa ń sọ.

Ó ní, "Fi obì sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n da ewé bò ó ná."

"Mùfú! Mo ní kó o fi obì sílẹ̀!"

Mo da ewé bò ó. Nígbà tí mo máa fi gbé ojú sókè, Alàájì Módù ti jáde síta láti lọ wá àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé kéú. N kò fojú kàn án mọ́.

Gbogbo ọjà ló ń sá gba ọ̀nà odò gbígbẹ kan tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Mo bá wọn sá. Àwọn agbébọn ti wà ní òkè odò náà kí a tó dé ibẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ṣubú, àwọn tó wà lẹ́yìn ṣubú lé wọn. Èmi náà ṣubú. Ọta kò bà mí, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wó lé mi láyà, n kò sì tì í kúrò. Mo di ojú.

Nígbà tó yá, ìró ìbọn dáwọ́ dúró, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sínú odò. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú yanrìn. Ọ̀kan dúró nídìí ẹsẹ̀ mi. Sáńdà aláwọ tuntun ni mo wọ̀, tí mo rà ní ọjà Kútọ̀ kí n tó gbéra. Ó bọ́ ti ọ̀tún, ó bọ́ wẹ́rẹ́. Ti òsì há, nítorí ìdè rẹ̀ le. Ó gbé ẹsẹ̀ lé mi lórúnkún, ó fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fà á. Mo ń kà á nínú mi. Òkú kì í fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Èmi náà kò fa tèmi padà. Nígbà tí bàtà náà bọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi rìn láìsí bàtà. Ìgbà ọyẹ́ ni, ilẹ̀ ibẹ̀ sì kún fún ẹ̀gún tó gùn tó ìka ọwọ́. Gbànja mẹ́ta ló wà lápò mi. Gbànja kì í ju awẹ́ méjì lọ, nítorí náà awẹ́ mẹ́fà ni mo ní, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ni a jọ rìn. Mo máa ń gé awẹ́ náà sí méjì, mà á fún un ní ìdajì. Obì kì í yóni. Ó kàn máa ń tan ikùn jẹ ni. Òun ló mọ ewé tí a lè jẹ, òun ló sì mọ ibi tí omi máa ń ṣẹ́ kù sí lẹ́yìn tí màlúù bá mu tán. Nígbà tí ẹ̀gún wọ̀ mí ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, mo fẹ́ jókòó.

Ó ní, "Má jókòó. Tó o bá jókòó, o ò ní dìde mọ́."

N kò jókòó. Ní ọjọ́ kẹfà, a dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà. Wọ́n kó àwọn obìnrin sínú ọkọ̀ kan, wọ́n kó àwa ọkùnrin sínú òmíràn. Mo mọ ohùn obìnrin yẹn títí dòní, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ rẹ̀.

*

Àbúrò mi Kàmórù ló wá mú mi wálé láti Màídúgùrì. Inú àwọn ará ilé dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi. Ìyàwó mi Sìdíkátù ló wò ó. Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ó kúnlẹ̀, ó rọra di ẹsẹ̀ òsì mú kó lè tú aṣọ tí wọ́n fi wé e.

Ẹsẹ̀ náà gbéra fúnra rẹ̀. N kò rò ó, n kò pète rẹ̀. Sìdíkátù lọ fi orí sọ ògiri, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lókè ojú rẹ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe èmi o."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi mọ́. Èmi náà kò ní kó wá fọwọ́ kàn án. Nígbà tí òórùn ẹsẹ̀ náà kún yàrá, Kàmórù gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta.

Dókítà wo ẹsẹ̀ náà láti òkèèrè, nítorí n kò jẹ́ kó súnmọ́ ọn. Ọmọ ìka méjì ti dúdú. Ọgbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tóbi tó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́rin tí a tò pọ̀, ó sì jìn. Ó ní bí wọ́n bá rí i tọ́jú lójoojúmọ́, ọmọ ìka méjì yẹn nìkan ni yóò lọ. Bí wọn kò bá rí i tọ́jú, òun yóò gé ẹsẹ̀ náà lókè ọrùn ẹsẹ̀ kí ìdíbàjẹ́ tó gùnkè. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí mo bá jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kàn mí, mo ní ẹsẹ̀, bí n kò bá jẹ́, n kò ní.

N kò lè jẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́rin dì mí mú. Mo ta abọ́ irin tí wọ́n kó nǹkan sí dànù. Ìró irin yẹn lórí sìmẹ́ǹtì lé mi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló gbà mí sílẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹran iléyá lẹ pè é ni?"

Bàbá Ògúndélé lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ láti abúlé kan lẹ́yìn Itori. Orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n fi okùn so irin wúwo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, irin náà ń rọ̀ dirodiro ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí egungun lè tò. Ìdílé tó ń bọ Ògún ni wọ́n, ó sì máa ń sọ fún àwọn tó bá wá wò ó pé, "Igbà ló já o, kì í ṣe Ògún. Ògún rèé lẹ́sẹ̀ mi tó ń tún mi ṣe." Òun ló kọ́kọ́ sọ mí ní Alàájì, bí mi ò tilẹ̀ tíì rí Mẹ́kà. Nígbà tó yá, gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí okùn rẹ̀ dé, ó ní, "Alàájì, tó o bá ti ráyè níbẹ̀, wá bá mi wo sálúbàtà mi kan. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń wá a."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Ajé ọjọ́sí.

*

Ọjọ́ kejì ni Nọ́ọ̀sì Adébímpé wọṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, kò ga, bàtà rọ́bà tí kì í dún ló máa ń wọ̀. Wọ́n ti fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì mi ká. Mo rí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ lábẹ́ kọ́tìnì náà. Ó dúró.

Ó ní, "Àgò o."

Mo rò pé ó ń kí ẹlòmíràn ni.

"Àgò onílé o."

Bàbá Ògúndélé ké sí mi láti ìhà kejì kọ́tìnì. "Alàájì, ilé ẹ ni wọ́n ń kágò sí o. Ṣé o ti yadi ni?"

Mo ní, "Ilé wo?"

"Bẹ́ẹ̀dì tó o nà gbalaja lé. Àbí èmi ni mò ń sùn níbẹ̀?"

Mo ní, "Àgò yà."

Ìgbà yẹn ló tó wọlé. Kò lọ sí ìdí ẹsẹ̀ mi bí àwọn yòókù. Ẹ̀gbẹ́ orí mi ló wá. "Ẹ kú ìrọ̀jú o, onílé. Ṣé kí n jókòó?"

"Ẹ jókòó, mà."

Ó jókòó, ó káwọ́ lé itan. Ó ní òun gbọ́ pé obì ni mò ń tà, pé ìyá òun náà tà á rí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń jẹrà. Mo ní bóyá kì í tú u. Mo wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ewé tútù, bí a ṣe ń fi èékánná yẹ ihò kòkòrò wò. Mo rò ó títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó ń tú u, ṣé ó máa ń fipá fa ewé tó lẹ̀ mọ́ obì ni?"

"Rárá o! Ìyẹn á bó o lára. Omi lẹ máa wọ́n sí i."

Ó mi orí. Ó dìde. "Ó dára. Lónìí, mo kàn wá mọ ilé ni." Ó sì jáde.

Nígbà tó yá, ó kọ nǹkan sára páálí kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì mi. "Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ KÁGÒ. Ẹ DÚRÓ GBỌ́ ÈSÌ." Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n kágò. Àwọn tó ń gbálẹ̀ kágò. Dókítà pàápàá dúró sí ẹnu kọ́tìnì, ó wúkọ́, ó ní, "Ẹ̀n... àgò." Bàbá Ògúndélé fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín já okùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Nọ́ọ̀sì Adébímpé kágò, mo dáhùn, ó gbé abọ́ rẹ̀ wọlé. Ó ti tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ abọ́ náà kí irin má baà kan irin. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó ní kí èmi fúnra mi tú báńdéèjì. Níbi tí gọ́ọ̀sì ti lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́, ó na ìgò omi iyọ̀ sí mi. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé omi là ń wọ́n sí i." Mo wọ́n ọn. A dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń wo aago àyà rẹ̀. Gọ́ọ̀sì náà ṣí láìfa ẹ̀jẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi. Àárín ọgbẹ́ la ti ń nù ún bọ̀ síta, gọ́ọ̀sì tí a bá fi nù lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Ẹran tó pupa tó ń dán, ó yè. Èyí tó ní àwọ̀ ọyún, tó ń fà, ó ti kú, omi ni yóò rọ̀ ọ́ kúrò. Láti ìgbà náà, kò sí ìwé nípa ọgbẹ́ tí ọwọ́ mi tó tí n kò kà, n kò sì tíì rí èyí tó ju ohun tó sọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ tí ọwọ́ mi kò lè dé dáadáa. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní, "Ṣé kí n bá yín ṣe ibẹ̀?" Mo ní rárá. Ó ní kò burú. Ní ọjọ́ kẹfà, ó bi mí. Mo ní rárá. Ní ọjọ́ keje, mo ní kó fi ìka kan ṣe é. Ìka kan náà ló fi ṣe é. Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú títí ó fi tán. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìka méjì.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án ló bàjẹ́. Mo ti kírun Àìlà tán lórí ìjókòó, mo fi aṣọ bo ojú, oorun gbé mi lọ. Nọ́ọ̀sì Adébímpé dé ẹnu kọ́tìnì.

"Àgò o."

Bàbá Ògúndélé gbọ́ ọ. Ilé Ẹ̀gbá kì í ṣe ilé ẹnì kan. Ní agboolé wa, ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ilé ló lè dá alágò lóhùn, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta. Alágò yóò wọlé, kò ní béèrè ẹni tó dáhùn. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kan tí a ti jọ ń jẹun, tí a ti jọ ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀, Bàbá ti ka ibùsùn tèmi àti tirẹ̀ sí agboolé kan.

Ó fi ayọ̀ dáhùn pé, "Àgò yà o! Ẹ máa wọlé, ilé dùn!"

Nọ́ọ̀sì Adébímpé mọ̀ pé Bàbá ló dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá lòun náà. Wọ́n ti dáhùn nínú ilé, ó wọlé. Ó rí mi tí mo fi aṣọ bojú, ó rò pé mo kàn ń sinmi ni. Ó di gìgísẹ̀ mi mú.

Inú odò gbígbẹ ni mo wà. Nígbà tí mo jí dáadáa, Nọ́ọ̀sì Adébímpé wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sára aṣọ funfun rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń ta.

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wá. Kò pariwo. Ó ní òun kò lè ní kí òṣìṣẹ́ òun kan tún wọ ibẹ̀ bí wọn kò bá dè mí. Dókítà wá lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ọgbẹ́, ó mí kanlẹ̀.

"Alàájì, ẹsẹ̀ yìí ti ń san. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Kì í ṣe ọgbẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù mọ́, ẹ̀yin ni. Ṣé ká máa dè yín lójoojúmọ́, àbí ká gé e?"

Mo ní kí wọ́n gé e. Mo fọwọ́ síwèé níbẹ̀ náà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá. Sìdíkátù gbé oúnjẹ dé ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún un. Ó jókòó lórí àga, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí gbé e kalẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ gbà?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ tí kò sí, ẹnikẹ́ni kò lè fà á."

Kò yé e. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ bàtà fún alààyè kankan.

Ní bẹ́ẹ̀dì kejì, Bàbá Ògúndélé kọ ojú sí ògiri. Kò jẹun. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èmi àgbà òfìfo. Mo lọ ń dáhùn àgò nínú ilé onílé."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi."

"Dákẹ́, jàre. Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fẹ́ gé, ṣé tèmi ni?"

*

Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí wọ́n pín ẹ̀kọ́ àárọ̀ tán, mo rí bàtà rọ́bà lábẹ́ kọ́tìnì.

"Àgò o."

N kò lè dáhùn. Ojú rẹ̀ ń tì mí.

Kò lọ. Kò sì wọlé. Mo gbọ́ tí ẹni tó ń gbálẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró. Ọkùnrin kan tó ń wúkọ́ ní ìparí wọ́ọ̀dù gbé e mì. Atẹ́gùn fẹ́ kọ́tìnì díẹ̀, mo rí Bàbá Ògúndélé: ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ràn, omi sì wà nínú rẹ̀.

"Àgò onílé o."

Ó tún dúró. N kò ní aago, n kò lè sọ bó ti pẹ́ tó. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ife mi ti di.

Mo ní, "Àgò yà."

Ó wọlé. Ètè rẹ̀ wú, wọ́n ti rán an. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ orí mi bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí n tó la ẹnu, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Alàájì. Èsì ẹlòmíràn ni mo gbà. Ilé yín ni. Ẹnu yín nìkan ló yẹ kí n gbọ́."

"Nọ́ọ̀sì, èmi ni mo ṣe yín léṣe."

"Ẹ ṣe mí léṣe lóòótọ́. Mi ò lè jẹ ata fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ pè mí wọlé."

Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. Mo sọ ti odò gbígbẹ, ti ọkùnrin tó wó lé mi láyà, ti sáńdà, ti ìdè tó le. Mo sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló fà á, pé mo ń kà á, pé bí mo bá fa ẹsẹ̀ mi padà lọ́jọ́ náà n kò ní sí níbí, pé ẹsẹ̀ náà ti wá ń fa ara rẹ̀ padà láti ìgbà náà. N kò sunkún. Ohùn mi rí bí ohùn ẹni tó ń ka iye apẹ̀rẹ̀.

Ó wá ní, "Kò béèrè."

Mo ní, "Kò béèrè."

"Èmi ń béèrè. Ṣé kí n di ẹsẹ̀ yín mú?"

Mo wo kọ́tìnì. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ dì í mú."

Ó lọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ kí n lè rí i, ó gba ẹsẹ̀ òsì náà sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Kò nu nǹkan kan. Kò tú nǹkan kan. Ó kàn gbé e dání. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n títí irin bẹ́ẹ̀dì fi ń dún. Nọ́ọ̀sì Adébímpé kò fún un pinpin, kò sì tú u sílẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá ní kí n jọ̀ ọ́, mà á jọ̀ ọ́."

"Ẹ má jọ̀ ọ́."

Nígbà tó ṣe, ó rọ̀. Mo gbọ́ ìgbà tí irin dákẹ́. Ìgbà yẹn ló tó fi omi iyọ̀ rin gọ́ọ̀sì, ó sì fi gbogbo ọwọ́ rẹ̀ wẹ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi, tó fi dé ibi tí ọwọ́ èmi fúnra mi kò dé rí. Nígbà tó jáde, mo gbọ́ tó ń sọ fún Bàbá Ògúndélé pé, "Bàbá, ẹ lè sọ ọwọ́ yín kalẹ̀ báyìí."

Bàbá ní, "Ẹ dúró ná. Mi ò tíì fọkàn tán ẹnu yìí."

Nígbà tí Dókítà gbọ́, ó ya ìwé tí mo fọwọ́ sí lójú mi. Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ ìka méjì tó ti kú nìkan ló gé. Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ń tọ́jú mi ní ìpààrọ̀ iṣẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kágò, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́ ohùn mi kó tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ọgbẹ́ náà fi dí. Ó dí láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bó ṣe yẹ. Ọgbẹ́ tí òkè rẹ̀ bá kọ́kọ́ dí, irọ́ ló ń pa.

Bàbá Ògúndélé ti fi igi rìn jáde kí tèmi tó jinná. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà odindi ìdì kan wá fún wọ́ọ̀dù láti abúlé rẹ̀. Mo lọ kí i nígbà tí mo lè gun ọkọ̀. Níbẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ àpáta ní ìhà Ewékorò, tí ilẹ̀ mì. Mo ti wà lábẹ́ àga kí n tó mọ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé omi wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ mu ún níbẹ̀.

*

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Mo ṣì ń ta obì, ṣùgbọ́n n kò bá a lọ sókè Ọya mọ́. Mo ti pe nọ́ńbà Alàájì Módù títí ó fi di nọ́ńbà ẹlòmíràn. Ọmọdébìnrin kan ló gbé e lọ́jọ́ tí mo pè é gbẹ̀yìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo sì gbé e sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé mo la ogun já. Wọn kò mọ bó ṣe ń dún. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ èyí.

Ohun tí wọn kò lè mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni bí ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e ti gùn tó. Mo dé láti ilé ìwòsàn, ilé sì dákẹ́. Sìdíkátù ń se oúnjẹ mi, ó ń fọ aṣọ mi, ó ń tẹ́ ẹní mi. Bí ó bá ń kọjá nídìí ẹsẹ̀ mi, yóò ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra kí etí rẹ̀ má baà kàn án. Àpá kékeré wà lókè ojú rẹ̀ lápá òsì. Mo ń rí i lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́rin ni a fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àlásárì, mo jókòó sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ń wá bí mo ṣe máa gé èékánná ẹsẹ̀ mi. N kò tẹ̀ dáadáa mọ́. Sìdíkátù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Mo na bíléèdì sí i.

Ó wo bíléèdì. Ó wo ojú mi.

Mo ní, "Bá mi gé e."

Ó gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó wá jókòó. Ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí itan, ó gé márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ti òsì, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lófuurufú. Èmi ló gbé ẹsẹ̀ náà lé e lọ́wọ́.

Mo ń gbọ́ bíléèdì lára èékánná. Ó gé mẹ́ta tó kù. Nígbà tó tán, kò gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.